Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ẹ̀rọ Tí Ń Gé Bébà Ti Bàjẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kékeré tí ń gé bébà, káàdì àti vinyl (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe sítíkà tàbí tí a ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) nílé ni ó máa ń pa á tì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó ti bàjẹ́. Yálà Cricut ni o, tàbí Silhouette, tàbí ScanNCut ti ilé-iṣẹ́ Brother, wàhálà náà kì í sábà wá láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìdí abẹ, ìdí máàtì (pátákó pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ ń lẹ̀, tí a ń tẹ́ bébà lé kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ), tàbí ìdí ohun tí a yàn lórí kọ̀ǹpútà ni ó ti ń wá.

Àṣìṣe tí ó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni pé, bí ẹ̀rọ kò bá gé bébà já, agbára tí abẹ fi ń tẹ bébà ni a kọ́kọ́ máa ń fi kún. A ó fi kún un, a ó tún fi kún un, títí abẹ yóò fi la bébà kọjá tí yóò sì máa fa ilà sára máàtì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irú ohun tí ẹ fẹ́ gé gan-an ni ẹ yàn nínú áàpù, nítorí ẹni tí ó fi káàdì tí ó nípọn sínú ẹ̀rọ, tí ó sì yan bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè retí pé yóò já. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ilé abẹ jáde kí ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò: ègé bébà bíńtín tí ó bá há síbẹ̀ tó láti mú kí abẹ máa fa bébà ya dípò kí ó máa gé e. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí a máa rún fọ́ìlì tí a fi ń wé oúnjẹ pọ̀, wọn a sì máa fi ẹnu abẹ gún un léraléra kí ìdọ̀tí lè kúrò lára rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ abẹ tí ó ti kú di tuntun. Abẹ tí ó bá ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dá ilé abẹ padà, ẹ rí i pé ó jókòó ṣinṣin, nítorí bí ó bá ń mì, ìbẹ̀rẹ̀ ilà àti òpin rẹ̀ kò ní pàdé.

Ẹ má ṣe gé odindi iṣẹ́ láìdán an wò. Ẹ gé àwòrán kékeré kan sí igun bébà, bí kò bá sì dára, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà kí ẹ tó tún un dán wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣàtúnṣe rẹ̀. Ní ti vinyl, ojú rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí abẹ gé, kí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lódindi. Àwọn kan tí kò mọ èyí máa ń rò pé ẹ̀rọ kò gé e tán.

Máàtì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ti Cricut, èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù wà fún bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti àwọ̀ ewé wà fún vinyl àti káàdì, ti elésè àlùkò sì wà fún ohun tí ó nípọn. Bí ẹ bá lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ èyí tí ó lágbára jù, yíya ni yóò ya. Ẹ má sì ṣe fa bébà kúrò lára máàtì. Ẹ dojú máàtì bolẹ̀, kí ẹ máa tẹ máàtì fúnra rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bébà kò sì ní ká. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú, nítorí máàtì tí ó bá kọlu ògiri bí ó ti ń jáde yóò yẹ̀, gbogbo ìlà ìgé yóò sì ṣì.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti vinyl tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, nítorí ẹ̀yìn tí iṣẹ́ bá ti parí ni a tó ń rí àṣìṣe náà. Ojú tí ó ń dán ni kí ó kọjú sí máàtì, kí ẹ sì yí àwòrán padà bí ìgbà tí a ń wò ó nínú dígí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lẹ́tà yóò kọ ẹ̀yìn lórí aṣọ. Sítíkà lásán kò nílò èyí.

Bí ẹ bá ń tẹ àwòrán kí ẹ tó gé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dín in kù tàbí fẹ̀ ẹ́. Bébà tí ń dán àti ìmọ́lẹ̀ líle tún lè ṣe é kí ojú ẹ̀rọ má lè ka àmì tí ó fi ń mọ ibi tí yóò gé.

Bí Bluetooth bá ń já, ẹ lo okùn USB. Ẹ má ṣe yọ okùn, kí ẹ má sì pa iná, nígbà tí ẹ̀rọ ń gba firmware (ètò inú ẹ̀rọ tí ń darí rẹ̀) tuntun. Bí ó bá ń han gooro lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má ṣe da òróró tí ẹ kàn rí sí i. Àwọn tí ó ṣe é ni kí ẹ bi léèrè irú òróró tí ó gbà.