Owó ń ṣòfò kí wọ́n tó kan ìṣó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pípàtẹ iṣẹ́ ọnà Ukraine lásìkò ogun

Ẹni tó bá ń ka èyí ti mọ bí a ṣe ń gbé àwòrán kọ́ ògiri, ó sì ti mọ bí a ṣe ń kọ ìwé àyẹ̀wò ara iṣẹ́ kí ó tó kúrò nílé olówó rẹ̀. A ò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tó sú wa ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ilé àfihàn òkèèrè ti ń yá iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀m̀báyé Kyiv àti Odesa ní Ukraine nínú ogun tí Rọ́ṣíà gbé kò ó yìí, síbẹ̀ kòtò kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ń já sí, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ lápò.

1. Títẹ ìwé ìpè kí ọkọ̀ tó gbéra

Láti ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022 ni ojú òfuurufú Ukraine ti wà ní títì fún bàálù èrò àti ti ẹrù. Ilẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbà, ọ̀pọ̀ sì ń gba Pólándì kọjá. Ẹ wo àfihàn tí ilé ìṣẹ̀m̀báyé Thyssen-Bornemisza ṣe ní Madrid lórí iṣẹ́ ọnà Ukraine láti 1900 sí àwọn ọdún 1930. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2022, ọkọ̀ gbé iṣẹ́ 51 kúrò ní Kyiv láàárọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Rọ́ṣíà da mísáìlì bí ọgọ́rùn-ún lu Ukraine. Nígbà tí ẹrù fi máa dé ìtòsí ẹnubodè Rava-Ruska, mísáìlì kan ti já sí abúlé Przewodów ní Pólándì, ó pa ènìyàn méjì, ẹnubodè sì di títì. Ọjọ́ 29 oṣù kan náà ni wọ́n ti dá fún ìṣíde, wọ́n sì ṣí i. Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta péré sáàárín ìgbà tí ẹrù ń dé àti ìgbà tí àlejò àkọ́kọ́ ń wọlé?

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kéré jù. Kí owó ìdúró ọkọ̀ lójúmọ́ wà nínú ètò ìnáwó, kí ìwé ọ̀nà ẹnubodè kejì sì ti wà nílẹ̀. Kónílé-ó-gbélé wà ní Kyiv láti aago méjìlá òru di aago márùn-ún ìdájí, nítorí náà ẹ yé kọ ọ́ sínú ètò pé ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́ta. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 23 sí 60 kò sì lè ṣàdédé jáde nílùú. Tí òun ni yóò bá ẹrù rìn, lẹ́tà àṣẹ ìjọba ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ẹ yan obìnrin.

2. Ìnṣọ́ránsì tí ẹnikẹ́ni kò kà dé ìparí

Wọ́n á ní “láti ìṣó dé ìṣó ni ó bò,” ìyẹn láti ìgbà tí wọ́n bá ti yọ iṣẹ́ lára ògiri olówó rẹ̀ títí yóò fi padà síbẹ̀, ọkàn á sì balẹ̀. Ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ ogun. Ìlànà tó ti pẹ́ nínú ọjà ìnṣọ́ránsì ni pé wọ́n lè gba ewu ogun fún ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á fún ẹrù tó wà lórí ilẹ̀. Orí ilẹ̀ nìkan sì ni ẹrù yín yóò wà títí yóò fi kúrò ní Ukraine. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ gba èsì rẹ̀ ní kíkọ: ṣé ara ògiri Kyiv ni ìbò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ẹnubodè? Tí wọ́n bá yìnbọn já dróònù lulẹ̀, tí àfọ́kù rẹ̀ sì bọ́ lu ọkọ̀, ṣé ogun ni wọn yóò pè é, àbí ìjàm̀bá? A ti rí àdéhùn tó dákẹ́ lórí méjèèjì.

3. Àpótí

Pákó tí kò ní òǹtẹ̀ ISPM 15, ìyẹn àmì ìlànà àgbáyé pé wọ́n ti pa kòkòrò inú pákó (ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yan án títí inú rẹ̀ fi gbóná dé digirì 56 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú), kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a padà. Ọ̀rá oníkókó afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kan ojú ọ̀dà. Àmì róbótó róbótó ni yóò fi síbẹ̀. Àwòrán tí ẹ bá ká, ojú ọ̀dà ni kó kọjú síta. Ẹ fi àpótí sílẹ̀ láìṣí fún wákàtí 24 kí ó bá afẹ́fẹ́ yàrá mu.

Férémù tún ńkọ́. Àwòrán tí wọ́n sáré kó kúrò nílé ìṣẹ̀m̀báyé Odesa dé Berlin láìní férémù. Nígbà tí Gemäldegalerie, ilé ìṣẹ̀m̀báyé àwòrán ní Berlin, ṣí àfihàn wọn ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní 2025, 60 láti Odesa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 25 ti Berlin. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n férémù inú ìwé àkójọ àtijọ́ wọn ògiri, yóò tún ògiri náà wọ̀n.

4. Fífi ìwọ̀n yàrá ka àlejò

Ti abẹ́lé nìyí. Ní Kyiv tàbí Kharkiv, iye ènìyàn tí ibi ìsásí abẹ́ ilẹ̀ lè gbà ni iye àlejò yín, bí gbọ̀ngàn tiẹ̀ tóbi ju pápá lọ. Tí fèrè ìkìlọ̀ ìkọlù òfuurufú bá ké, gbogbo wọn ló ń sọ̀kalẹ̀. YermilovCentre, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Kharkiv, kò ní wàhálà yìí, abẹ́ ilé yunifásítì ni ó wà; ibẹ̀ gan-an ni àwọn ayàwòrán kan sá pamọ́ sí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbé iṣẹ́ kọ́ sí òdìkejì fèrèsé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2022, mísáìlì kò bà lé ilé ìṣẹ̀m̀báyé Khanenko ní Kyiv fúnra rẹ̀, ìtòsí ló já sí, síbẹ̀ ìjì rẹ̀ fọ́ gíláàsì fèrèsé àti ti òrùlé. Àwọn iṣẹ́ ti kúrò lára ògiri nígbà náà, ìyẹn ló yọ wọ́n. Gíláàsì ojú àwòrán náà, ẹ fi akirílíìkì, ìyẹn ike tó mọ́ gaara, rọ́pò rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀: gbogbo ènìyàn ń rà á nítorí gílóòbù. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá ìpamọ́ ni kó kọ́kọ́ jẹ iná. Àlejò lè fi tọ́ọ̀ṣì wo àwòrán, ṣùgbọ́n pákó ère mímọ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá fò láti ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dé 75 yóò wú, ọ̀dà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ẹ má ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà yàrá ìpamọ́. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tó kàn yẹ kó jẹ́ ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ó ju nọ́ńbà lọ, òun ló sì ń bí wa nínú jù: ìwé pélébé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin kò wo ilé rárá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bà á jẹ́. Àwọn kan da “Rọ́ṣíà” lé gbogbo ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ ọba Rọ́ṣíà lórí. Àwọn mìíràn, nígbà tí ojú tì wọ́n, họ “Rọ́ṣíà” kúrò, wọ́n lẹ “Ukraine” mọ́ ọn, wọ́n lọ sùn.

Ẹ wo ayàwòrán mẹ́ta. Kazimir Malevich: Kyiv ni wọ́n ti bí i, ní 1879, Pólándì ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì padà wá kọ́ni ní Kyiv ní ìparí àwọn ọdún 1920. Arkhyp Kuindzhi: ọmọ Mariupol, ìdílé Gíríìkì. Ivan Aivazovsky: Feodosia ní Crimea, ọmọ Àméníà. Ní 2023, ilé ìṣẹ̀m̀báyé Metropolitan ní New York pe Aivazovsky ní ará Ukraine, àwọn ọmọ Àméníà fárígá, wọ́n sì tún un kọ. Bí ilé ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè kọsẹ̀, ẹ má fi wákàtí kan ṣe tiyín. Ohun mẹ́rin ni kó wà lórí ìwé náà: ìlú tí wọ́n bí i sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nígbà náà àti nísinsìnyí; ìdílé rẹ̀; ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ tó sì ti ṣiṣẹ́; ẹni tó ń jọba níbẹ̀. Ẹ kọ Kyiv, Kharkiv, Lviv, Odesa pẹ̀lú “s” kan. Orúkọ ayàwòrán náà, bí Ukraine ṣe ń kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́: Oleksandra Ekster, Davyd Burliuk, Mykhailo Boichuk. Kí ẹni tó yá yín níṣẹ́ fọwọ́ sí i kí ìwé àkójọ tó lọ sílé ìtẹ̀wé, nítorí tí ẹ bá tún ti ara ògiri ṣe, ti inú ìwé, ti ẹ̀rọ elétí àti ti káàdì tí ẹ ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Orúkọ Boichuk ló mú èyí wá: ẹ yé tọrọ ohun tí kò sí. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1937. Ọ̀pọ̀ àwòrán ara ògiri tí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ni wọ́n pa rẹ́, wọ́n sì kó àwọn iṣẹ́ mìíràn sí àkójọ ìkọ̀kọ̀ ní Kyiv láàárín 1937 sí 1939, kí wọ́n lè bà wọ́n jẹ́ níkẹyìn. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé Kherson pàdánù iṣẹ́ tó lé ní 10,000 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fẹ́ kúrò níbẹ̀ ní 2022. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé Kuindzhi ní Mariupol wó lábẹ́ bọ́ǹbù ní oṣù kẹta ọdún náà. Ẹ sì ń fi ìwé àkójọ ọdún 2010 kọ lẹ́tà tí ẹ fi ń yá iṣẹ́.

Fífi ayàwòrán Ukraine àti ti Rọ́ṣíà sínú gbọ̀ngàn kan “fún àlàáfíà” láìbi wọ́n: àwọn ti Ukraine á yọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ pátákó.

Rírò pé ogun yìí ló bí gbogbo iṣẹ́: èrò 1995 ni orísun omi, iṣẹ́ ayàwòrán Pavlo Makov tí Ukraine pàtẹ ní àfihàn àgbáyé Venice ní 2022. Òótọ́ ni pé Maria Lanko, ọ̀kan lára àwọn tó ṣètò àfihàn náà, fi mọ́tò gbé àrọ 78 inú rẹ̀ kúrò ní Kyiv lọ́jọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti gbó ju ogun náà lọ, kí ìwé ara ògiri yín sọ bẹ́ẹ̀.

Ìpadàbọ̀. Ìwé àṣẹ ìjáde onígbà díẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò kú. Àfihàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Madrid ní 2022 ti gba Cologne, Brussels àti Vienna kọjá kó tó parí sí London ní oṣù kẹwàá 2024, ogun kò sì tíì tán. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ta ni yóò san owó yàrá ìpamọ́ tí ọ̀nà ilé kò bá tíì dára, ta ni yóò tọrọ àfikún ọjọ́, kí ẹ sì tọrọ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí àṣẹ tó wà nílẹ̀ tó kú.