Ẹ má fi ẹ̀kọ́ ọmọ yín lé fóònù lọ́wọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

"Olùkọ́, mo ti ra fóònù tuntun fún un o. Gbogbo ìwé tó máa kà ti wà nínú ẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run."

Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa n'Íbàdàn. Ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá tó ń tiraka ni, mo sì mọ̀ pé owó kékeré kọ́ ló ná. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ní kí ọmọ náà fi ohun tó ti kọ́ hàn mí. Fídíò mọ́kànlélógún ló ti wò lórí kẹ́mísìrì. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ átọ̀mù sí mólékù, ó wolẹ̀, kò rí èsì kankan fọ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi fóònù náà ṣeré. Ó ń wo àwọn fídíò yẹn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo sinimá ló ṣe ń wò ó.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti ti JAMB. Èmi náà ti ṣe díẹ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ síbí, kí n tó rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá. Iṣẹ́ tó yẹ ká jókòó tì, a máa ń gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, tàbí lé ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò lọ́wọ́, a ó sì kẹ̀yìn sí i.

Rírò pé a ti kọ́ ọmọ nígbà tí a ra ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ ya wọ iléèwé, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ mọṣẹ́ ò kárí. Nígbà tí tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ara ìdí tí ìjọba fi dá a sílẹ̀ ni pé kó ran àwọn iléèwé lọ́wọ́ nítorí àìtó olùkọ́ yẹn. Láti ìgbà náà la ti ń retí pé kí àpótí kan bá wa ṣe iṣẹ́ ènìyàn.

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti past question sínú rẹ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi títí dòní, torí ẹni tó bá mọ ọpọ́n Ifá á mọ̀ pé ọpọ́n kì í dá fọhùn. Bí babaláwo ò bá tẹ odù lé e lórí, tí kò sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀, igi gbígbẹ́ ni.

Wọ́n ti fi ojú rí i níbòmíràn pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Peru, ìjọba pín kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ iléèwé lọ rẹpẹtẹ. Àwọn onímọ̀ wá yẹ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319 wò ní ìgbèríko ibẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tó rí kọ̀ǹpútà gbà ò mọ ìṣirò tàbí èdè ju àwọn tí kò rí gbà lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra fóònù, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa jókòó ti ọmọ náà. Kò pọn dandan kí onítọ̀hún mọ kẹ́mísìrì. Bí fídíò kan bá ti parí, kí ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kí ó na bébà àti bírò sí i, kí ó ní: "Kọ gbogbo ohun tí o rántí." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà ni kí ọmọ tún fídíò ṣí, kí ó wo ohun tó gbàgbé. Ó máa ń nira fún wọn, àwọn kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ ìmọ̀ tí ọpọlọ bá jìjàkadì kó tó rí fà yọ ló ń pẹ́ lórí. Ọmọ tó wo fídíò kan lẹ́ẹ̀kan, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìwò ó, máa ń mọ̀ ọ́n ju ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe tún un bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti fídíò àkọ́kọ́.

Fífi àtàǹpàkò múra fún ìdánwò kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME, ìyẹn ìdánwò ìwọlé yunifásítì tí JAMB ń ṣe, ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ìbéèrè 180 ni, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì sì ni wọ́n fún wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì rántí àwọn àyọkà gígùn inú Gẹ̀ẹ́sì á mọ̀ pé àwọn ìbéèrè Ìṣirò ò gbọdọ̀ jẹ gbogbo àkókò tiwọn tán.

Síbẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi áàpù dánra wò, pẹ̀lú àtàǹpàkò, láìsí aago, tí WhatsApp ń dún láàárín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ kan dé ibi kọ̀ǹpútà, mo rí ọmọkùnrin kan tó na ìka sí ojú ẹ̀rọ, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń fà á sókè sódò bí ẹni ń fa ojú fóònù. Nígbà tí kò gbọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì káwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ tó gbọ́n ni o. Ká ní ọjọ́ ìdánwò gan-an ni, ìṣẹ́jú mélòó ni ìtìjú yẹn nìkan ìbá jẹ?

Ẹ wá kọ̀ǹpútà tí ó ní kíbọ́ọ̀dù fún wọn, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì gbé aago tì í. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí máùsì lè fi máùsì sílẹ̀, torí JAMB ṣètò rẹ̀ kí bọ́tìnnì mẹ́jọ tó o. A, B, C àti D ni fún ìdáhùn, N gbé e lọ sí ìbéèrè tó kàn, P dá a padà sí èyí tó kọjá, S ni tí ó bá ti parí, tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ (submit), R sì ni tí ó bá yí ọkàn padà lórí ìyẹn. Kí ọmọ ti mọ̀ wọ́n lórí kó tó kúrò nílé.

Ẹ̀rọ náà sì ń ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ètò ìdánwò náà, àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ló sì ní láti tún un ṣe. Ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sunkún ní gbangba níbi tó ti ń tọrọ àforíjì. Bí èsì kan bá jáde tí kò jọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọmọ yín, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó bú u.

Fífi orúkọ ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà oníkáfẹ̀

Èyí máa ń dùn mí ju gbogbo wọn lọ, torí kò ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú òye ọmọ. Kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, ọmọ máa fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, koodù á sì padà wá sórí nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà yẹn ló máa lò dé ìparí. Òbí á wá sọ pé òun ò ráyè, ọmọ ò ní síìmù, oníkáfẹ̀ á ní "ẹ fi sílẹ̀, màá fi tèmi ṣe é," í-meèlì tó máa ṣí fún un, òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo mọ ọmọbìnrin kan tó gba àyè ní yunifásítì tí kò mọ̀. Ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti pa síìmù yẹn tì, ó ti kó lọ sí ìlú míì. Ọmọ náà jókòó sílé, ó rò pé òun ò yege. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún ọmọ ní àyè, ó ní láti wọlé sórí CAPS, ojú-ìwé JAMB tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní àyè, kó sì gbà á fúnra rẹ̀? Nígbà tí a fi mọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní kíláàsì.

Síìmù orúkọ ọmọ, í-meèlì tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kọ sínú ìwé kan nílé. Ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín fi máàkì kún èsì JAMB, olè ni, ẹ sá fún un.

Lórí ọ̀rọ̀ dátà, díẹ̀ ni màá sọ: fídíò ẹ̀kọ́ kò nílò àwòrán tó mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fà á sílẹ̀ lórí àwòrán tó kéré jù, nígbà tí iná wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dára, kó máa wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Jíjẹ́ kí ẹ̀rọ ronú fún ọmọ

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé fúnni, ti jáde, iṣẹ́ àmúrelé ti yí padà lójú mi. Àwọn olùkọ́ kan ní kí a fòfin dè é, mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ó ti ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn ọmọ mi lálẹ́ nígbà tí mo ti sùn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ di adàwékọ. Kí ọmọ kọ tirẹ̀ tán ní ìwé, kódà bó burú, kó tó ní kí ẹ̀rọ bá òun wá àṣìṣe inú rẹ̀. Kó wá mú ìwé kíláàsì, kó wò ó bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ, torí ẹ̀rọ náà máa ń fi ìgboyà parọ́.

Inú iṣẹ́ Yorùbá ni ẹ ti máa tètè mọ̀. Ọmọ kan gbé àròkọ lórí ìmọ́tótó wá fún mi. Ó kọ síbẹ̀ pé: "Ó yẹ kí á fọ ọ̀wọ̀ wa kí á tó jẹun." Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á bí ó ṣe fi àmì sí i, ó dúró, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀: "Sà, ọwọ́ ni mo fẹ́ kọ!" Kò sí èyí tó kọ nínú méjèèjì, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Nínú àròkọ yẹn kan náà, òwe kan wà tí mi ò gbọ́ rí. Mo pe bàbá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun náà ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rọ ti hun ún fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin wa ni pé òwe tí ọmọ bá fẹ́ lò, kó kọ́kọ́ fi fóònù yẹn pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí kó sì bi í.

Pípa Yorùbá tì torí pé ẹ̀rọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì

Òbí á ní, "Gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ni, ẹ má fi Yorùbá dà á láàmú." Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tó yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ ti yé e.

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Kò ka ìwé. Fóònù ọmọ rẹ̀ kò ju àlòkù kan tí ojú rẹ̀ ti sán. Lálaalẹ́, bí ọmọ bá ti wo fídíò tán, ìyá á ní: "Wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mi ò gbọ́ òyìnbó o." Lálẹ́ ọjọ́ kan, osmosis ni. Ọmọ ṣàlàyé pé omi máa ń gba ara awọ fẹ́lẹ́ kọjá, á kúrò níbi tí omi ti pọ̀, á lọ síbi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà ti pọ̀. Ìyá ní: "Ṣé ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà wú tí mo bá rẹ ẹ́ sómi?"

Ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìbéèrè náà wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún un pé orúkọ mìíràn ni bí èso gbígbẹ ṣe ń fa omi mu ń jẹ́, imbibition, ṣùgbọ́n kó sọ fún màmá rẹ̀ pé ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n bu iyọ̀ sí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi, osmosis nìyẹn. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó tún dé. "Sà, màámi ní kí n bi yín, kí ló dé tí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò kì í fi í tètè jinná, bó ti wù kí àwọn rẹ ẹ́ tó?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fa àga kan sí i, ó yọ fóònù ojú sísán yẹn jáde, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.