Bí nọ́ọ̀sì ṣe lè rí ẹ̀tọ́ ẹ̀ gbà tí iṣẹ́ bá ti dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn

Nọ́ọ̀sì tó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí apá ẹ̀ kán, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé lóòótọ́ ni, X-ray á sọ ọ́. Àmọ́ èyí tí aláìsàn fún lọ́rùn lóru tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí kò sí àpá kankan lára ẹ̀, ṣùgbọ́n tí àyà ẹ̀ ń já gbogbo ìgbà tó bá ti sún mọ́ wọ́ọ̀dù yẹn, tí ò rí oorun sùn mọ́, òun ni wọ́n máa sọ fún pé kó mọ́kàn le, pé bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí òfin wà fún un o. Ìwé ló máa dúró fún àpá tí ò sí yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní dútì ni, ẹ má dà á dọ̀la. Ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí yín, àwọn tó wà níbẹ̀, iye nọ́ọ̀sì tó wà ní dútì àti iye aláìsàn tó wà lọ́wọ́ yín, ẹni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ bá wà ní wọ́ọ̀dù ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní tiyín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sínú èyí tẹ́ ẹ ń gbé lọ sílé, ẹ má sì ya fọ́tò fáìlì ẹ̀, torí ìyẹn lè di ẹjọ́ míì sí yín lọ́rùn. Tó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ ikú ọmọdé léraléra tàbí èébú ojoojúmọ́ láti ẹnu mọ̀lẹ́bí aláìsàn, ẹ wá ìwé kékeré kan kẹ́ ẹ máa kọ déètì sí i, ìlà kan péré fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ẹ tètè rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó ti wá

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á sọ fún dókítà pé orí ń fọ́ àwọn, pé àwọn ò rí oorun sùn, wọ́n á gba oògùn, wọn ò ní dárúkọ iṣẹ́ rárá, nígbà tí ẹjọ́ bá wá dé, kò ní sí ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì wọn tó so àìsàn yẹn mọ́ iṣẹ́. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ àìsàn náà gan-an. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kà burnout, ìyẹn àárẹ̀ tí wàhálà iṣẹ́ tí ò dáwọ́ dúró ń fà, sí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to orúkọ àìsàn, wọn ò kà á sí àìsàn, torí náà tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú ìwé yín, ó rọrùn láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. PTSD, àìsàn ọkàn tó máa ń wá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù gan-an, yàtọ̀, ó wà nínú lísìtì àìsàn tí iṣẹ́ ń fà tí ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ṣe àtúnṣe ẹ̀ ní 2010.

Ẹ fi lẹ́tà sọ fún ọ̀gá, kẹ́ ẹ sì ka ọjọ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Gbogbo òfin ló ní ọjọ́ tiẹ̀: ní Nàìjíríà, Employees' Compensation Act ti 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, àti ọdún 1 láti béèrè owó gbà-má-bínú. Òfin yẹn gba ìpalára ọkàn wọlé, àmọ́ kò ka èyí tó wá látinú ìpinnu ọ̀gá, bíi pé wọ́n yí iṣẹ́ yín padà tàbí wọ́n bá yín wí. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ìjà ẹ̀yin àti mátírọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ìfìyàjẹni gan-an ló fa àìsàn yẹn, Convention 190, àdéhùn àgbáyé tí ILO ṣe ní 2019, sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, ó sì kan ìwà ipá tó wá látọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ pàápàá.

Ta ló máa fi ẹ̀rí hàn?

Ẹ bi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín tàbí lọ́yà. Ní Ontario ní Kánádà, láti 2018, tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn fúnra ẹ̀ bá ní PTSD, òfin á kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ló fà á, àfi tẹ́nì kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fẹ̀rí hàn, ìwé kékeré yẹn àti àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní dútì ló máa gbà yín.

Ẹ má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀

Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó sá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìsinmi àìsàn, tàbí wọ́ọ̀dù míì, tàbí kí wọ́n yọ yín kúrò ní iṣẹ́ òru. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àìsàn ọkàn bá ń dí èèyàn lọ́wọ́ gan-an, tó ti pé oṣù 12 tàbí tó ṣeé ṣe kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òfin Equality Act 2010 mú un ní dandan fún ọ̀gá láti ṣe àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n dání.

Tí wọ́n bá sọ pé rárá

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní ìgbẹ́jọ́ kejì, ó sì ní ọjọ́ tiẹ̀, torí náà ẹ wo déètì orí lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ tó bá dé, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.