Ìdájọ́ tí Ọlọ́run ń retí: bí ẹ ṣe lè fi Hébérù tú Àìsáyà 5:7 wò láìlọ yunifásítì

Tí wọ́n bá dárúkọ "ìdájọ́ Ọlọ́run" létí yín, kí ló ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Tèmi o, láti kékeré, iná ni. Iná, ìparun, àti pásítọ̀ tí òógùn ti bò lórí pẹpẹ. Ìgbà tí mo wá kà á nínú Àìsáyà 5:7 pé Ọlọ́run ń retí ìdájọ́, mo dúró gbọnin. Ta ló ń dáko tán tó wá ń retí iná nínú oko ara ẹ̀? Ìbéèrè yẹn ló tì mí dé ìdí Hébérù, mi ò lọ kọ́ ọ níbì kankan o, fóònù ni mo fi ń ṣe é, bí mo ṣe ń ṣe é náà ni mo fẹ́ fi hàn yín, ẹsẹ kan péré la sì máa lò.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, kẹ́ ẹ kà á sókè. Nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́, èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí tó fi pé lódindi ní 1884, ìparí ẹsẹ náà lọ báyìí: "ó retí ìdájọ́, ṣùgbọ́n kíyèsí i, inilára; ó retí òdodo, ṣùgbọ́n kíyèsí i, igbe." Ẹ rọra ka ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn tó bá jẹ́ pé orí fóònù tí kò lámì lẹ ti ń kà á, torí ẹnì kan kà á ní Bíbélì sítọ́dì wa lọ́jọ́ kan, "igbe" di "ìgbẹ́" mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rín pa wá débi pé àdúrà ìparí ò ṣe é gbà mọ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Hébérù rárá, ẹ padà sí ẹsẹ 1. Orin ni wòlíì yìí ń kọ, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pàlọ́ fáwọn ará Jerúsálẹ́mù. Ó ní olólùfẹ́ òun ní ọgbà àjàrà lórí òkè tó lọ́ràá, ó tulẹ̀, ó ṣa òkúta kúrò, ó gbin àjàrà tó dáa jù, ó kọ́ ilé ìṣọ́ sáàárín ẹ̀, ó tún gbẹ́ ibi tí wọ́n á ti fún wáìnì, ìyẹn ni pé kò tíì rí èso kankan tó ti ń múra ìkórè sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kí ló so? Hébérù pè é ní beushim, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa rùn ló sì ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n lò fún odò Náílì nígbà tí ẹja kú sínú ẹ̀ ní Ẹ́kísódù 7. Àwọn Bíbélì kan kàn sọ pé àjàrà igbó ni, mi ò bá wọn jà, àmọ́ òórùn yẹn ti sọnù.

Ẹ wá wo ẹsẹ 3. Olóko yíjú sáwọn tó ń gbọ́rọ̀, ó ní ẹ dá ẹjọ́ láàárín èmi àti ọgbà mi. Ọ̀rọ̀ tó fi sọ "ẹ dá ẹjọ́" níbẹ̀, inú lẹ́tà mẹ́ta kan ló ti wá, ṣ-p-t, inú ẹ̀ náà sì ni "ìdájọ́" tó wà ní ẹsẹ 7 ti wá. Ẹ fàlà sábẹ́ méjèèjì. Ó gbé wọn sórí àga adájọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn gan-an ni ọgbà ọ̀hún. Ẹ tún fàlà sábẹ́ "retí", ó wà ní ẹsẹ 2, ó wà ní ẹsẹ 4, ó tún wà ní ẹsẹ 7, ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun náà ló sì wà ní Àìsáyà 40:31, àwọn tó dúró de Olúwa. Àwa la máa ń sọ pé a dúró de Olúwa, níbí, Olúwa ló dúró tì.

Ẹ wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bible Hub tàbí Blue Letter Bible, èyí tó bá wù yín, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ wá Isaiah 5:7, kẹ́ ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ interlinear sí, ẹ máa rí Hébérù pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà Strong, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà àtàwọn ẹsẹ míì tó ti fara hàn. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ sí ọwọ́ òsì, bíi Lárúbáwá, torí náà ẹ má bínú tó bá kọ́kọ́ fò yín lójú. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí jáde, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ fi bírò kọ ọ́ jàre, ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú ò rí:

משפט miṣpat, משפח mispakh
צדקה tsedaka, צעקה tseaka

Ṣẹ́ ẹ rí i? Nínú méjì àkọ́kọ́, lẹ́tà tó kẹ́yìn nìkan ló yàtọ̀. Nínú méjì kejì, lẹ́tà kejì nìkan ni. Ẹni tó bá yára kàwé lè ṣì wọ́n pè. Àmì kékeré kan wà tó ya lẹ́tà ש sọ́nà méjì, tí wọ́n bá fi àmì sí i lápá ọ̀tún ó di "ṣ", tó bá jẹ́ lápá òsì ó di "s". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ̀ bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí àmì tó wà nísàlẹ̀ "ṣ" tiwa ń ṣiṣẹ́ kan náà, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé tiwọn wà lókè. Nígbà ayé Àìsáyà kò sí àmì yẹn rárá, ó lé ní 1,000 ọdún lẹ́yìn ẹ̀ káwọn akọ̀wé Júù tí wọ́n ń pè ní Masoretes tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i. Ìwé kíká Àìsáyà tí wọ́n rí nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú ní 1947, tó gùn ju mítà méje lọ, fọ́tò ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wò ó, ẹ ò ní rí àmì kankan lórí ש. Wọ́n ń kà á bí àwa náà ṣe ń ka mẹ́sééjì tí wọ́n kọ "mo fe ra oko" síni, tí kò yé èèyàn bóyá ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni, àbí oko.

Ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sókè nísinsìnyí. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Kh" yẹn máa ń jáde bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Ó retí miṣpat, hẹ̀n-ẹ́n, mispakh; ó retí tsedaka, hẹ̀n-ẹ́n, tseaka. Orin ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ló sì fi ń tayò. Wọ́n máa ti lérò pé ọ̀rọ̀ dáadáa ló ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀, àfi kó yíwọ́ níbi lẹ́tà kan ṣoṣo. Èso burúkú yẹn, tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ẹ́ pè é ní àjàrà.

Ìtumọ̀ wa àtijọ́ ò lè gbé ohùn yẹn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, Gíríìkì ò gbé e, Látìn ò gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ò gbé e. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé: ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi Yorùbá ta á fúnra yín. Mo lò tó ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní "ó retí ẹ̀tọ́, ẹ̀tàn ló bá", ó dùn lẹ́nu àmọ́ ìtumọ̀ ẹ̀ ti yẹ̀. Èyí tí mo wá fara mọ́ ni "ó retí ìdájọ́, ìtàjẹ̀ ló rí, ó retí òdodo, ìdárò ló gbọ́." Apá kejì ò fi bẹ́ẹ̀ wọra, mo mọ̀. Ẹni tó bá rí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣe mí lóore.

Ìtumọ̀ wá kù, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Miṣpat, nọ́ńbà ẹ̀ ni 4941, ó lé ní ìgbà 400 tó fara hàn nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ẹ má ka gbogbo ẹ̀, ẹ mú mẹ́rin márùn-ún tó yàtọ̀ síra. Onídàájọ́ 4:5, Dèbórà jókòó sábẹ́ igi ọ̀pẹ, àwọn èèyàn ń gòkè tọ̀ ọ́ wá fún miṣpat. Ṣé iná ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Ẹjọ́ wọn ni wọ́n gbé lọ, kí wọ́n bá wọn dá a. Diutarónómì 18:3, ìpín ẹran tó tọ́ sáwọn àlùfáà, miṣpat ni wọ́n pe ìyẹn náà. Ẹ́kísódù 26:30, bó ṣe yẹ kí àgọ́ Ọlọ́run rí nígbà tí wọ́n bá gbé e ró, miṣpat tún ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀, ó gba ẹjọ́ dídá, ó gba ẹ̀tọ́ ẹni, ó gba bó ṣe yẹ kí nǹkan rí. Tẹ́ ẹ bá wá fọ́ "ìdájọ́" tiwa náà wò, dá àti ẹjọ́ ló wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ àgbà tó jókòó tó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Kò sí iná níbẹ̀, ìwàásù la fi kó iná wọ̀ ọ́.

Tsedaka, 6666, òdodo dáa fún un. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òdodo láàárín èèyàn sí èèyàn ni, kí oníkálukú ṣe ohun tó jẹ ẹnì kejì ẹ̀. Títí dòní, tsedaka làwọn Júù ń pe owó tí wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́.

Mispakh ló le. Inú gbogbo Bíbélì Hébérù, ibí yìí nìkan ló wà, ẹ̀ẹ̀kan péré, torí náà kò sí ibòmíràn tá a lè lọ gbé e wò. Àwọn kan ní ó bá ọ̀rọ̀ inú Léfítíkù 13:2 tan, àrùn ara, bí èépá, ìdí nìyẹn tí Bíbélì King James fi kọ inilára sínú ẹsẹ tó sì kọ èépá sí etí ìwé. Àwọn míì lọ bi Lárúbáwá, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n-àbúrò Hébérù, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ níbẹ̀ tó túmọ̀ sí kí èèyàn da nǹkan sílẹ̀, pàápàá ẹ̀jẹ̀, ìyẹn làwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun bíi NIV àti ESV fi kọ ìtàjẹ̀sílẹ̀. Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rí mi sì ni orí 1 ìwé kan náà: ẹsẹ 15 ní ọwọ́ yín kún fún ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ 21 ní ìlú tí miṣpat kún nígbà kan ti di ilé apànìyàn. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣókùnkùn, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bi ará ìta. Àmọ́ mo tún rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn ẹ̀ ni wòlíì náà torí ẹ̀ mú un, bí akéwì ṣe máa ń ṣe.

Tseaka, 6818. Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Igbe tí Ísọ̀ ké nígbà tí wọ́n gba ìre ẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì 27:34. Igbe àwọn ẹrú ní Íjíbítì, Ẹ́kísódù 3:7. Igbe opó àti ọmọ aláìníbaba tí wọ́n ń ni lára, Ẹ́kísódù 22:23, Ọlọ́run ní tí wọ́n bá fi lè ké, òun á gbọ́ dandan. Kì í ṣe ariwo lásán, igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Ẹ wá ka Jẹ́nẹ́sísì 18 láti ẹsẹ 19 sí 21. Ọlọ́run ní òun yan Ábúráhámù káwọn ọmọ ẹ̀ lè máa ṣe tsedaka àti miṣpat, ẹsẹ méjì lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo Sódómù nítorí tseaka tó ń ti ibẹ̀ wá. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ orin Àìsáyà yìí tó sì mọ ìtàn yẹn, ara ẹ̀ á bù máṣọ. Ilé Ábúráhámù ló ti ń dún bíi Sódómù yìí.

Ìkìlọ̀ kan. Orírun ọ̀rọ̀ ò fìgbà gbogbo jẹ́ ìtumọ̀ ẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn pé ìyà tí ọkùnrin kan jẹ ní ìlú Ìwó ló di "ìyàwó", ìtàn náà dùn, ẹ kàn dán an wò kẹ́ ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ìyà lorúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ka nọ́ńbà Strong bí ẹni ń ka ìwé ìpèdè ẹ̀mí, àwọn ìtumọ̀ márùn-ún mẹ́fà tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹyọ kan ló máa ń ṣiṣẹ́ lójú kan, ẹsẹ tẹ́ ẹ ń kà ló máa yàn án.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ má pa Bíbélì dé ní ẹsẹ 7, torí ẹsẹ 8 ló máa sọ ẹni tó ń ké fún yín: ègbé ni fáwọn tó ń gba ilé mọ́ ilé, tó ń gba oko mọ́ oko, títí kò fi sáyè mọ́. Ẹ lọ dé ẹsẹ 23, àwọn tó ń gba rìbá tí wọ́n ń dá ẹni burúkú láre. Ilẹ̀ àti rìbá, ní Júdà, nǹkan bí 2,700 ọdún sẹ́yìn. Ẹ padà sí ẹsẹ 16, miṣpat àti tsedaka tún jókòó síbẹ̀ pa pọ̀, ẹ wo ẹni tí wọ́n wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èyí tẹ́ ẹ máa dá ṣe ni Míkà 6:8. Miṣpat wà níbẹ̀, òun ló ṣáájú nínú nǹkan mẹ́ta tí Olúwa ń béèrè. Ẹ wá a jáde ní Hébérù, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wo Bíbélì Yorùbá yín bóyá "ìdájọ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.