Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Ìdìwé fún Ilé Ìtẹ̀wé

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó lórí ẹ̀rọ ìdìwé, kí ó kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí ó ń wọlé fún un, nítorí pé ẹni tí ó ń tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó ní Ṣómólú kò nílò ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń tẹ ìwé kíkà fún ilé ẹ̀kọ́. Ìwé pẹlẹbẹ, tí iye ojú ewé rẹ̀ ṣe é fi 4 pín, ni a máa ń fi wáyà gún láàárín. Èyí tó bá nípọn, gọ́ọ̀mù gbígbóná ló tọ́ sí i. Bí iná bá ń ṣe ségesège, gọ́ọ̀mù kò ní yọ́ dáadáa, ojú ewé yóò sì máa já bọ́, nítorí náà ni mo ṣe gbà pé sítébiláísà ló yẹ kó ṣáájú.

Ní ti ẹ̀rọ aládàáṣe, ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró jọ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣíṣẹ́ ìwé po àti títo ojú ewé ni, kì í ṣe gígé. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí a fi bébà tiwa dán an wò, kí a sì rí i dájú pé ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgéwé kò lè sọ̀ kalẹ̀ àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí bọ́tìnnì.