Omi Ló Pa Á, àbí Òkú Rẹ̀ Ni Wọ́n Gbé Sómi?

Bí òkú bá léfòó lórí ọ̀sà, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀ fún ẹ̀yin olùwádìí, ẹ má lọ́ wọn pọ̀. Kí ló pa á? Báwo ló ṣe dénú omi? Ara òkú lè dáhùn ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, bèbè omi ló sábà máa ń wà.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà. Ìfófó funfun tó wà ní imú àti ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, torí kì í pẹ́ pòórá. Ẹ má nù ún. Ó sábà máa ń fi hàn pé onítọ̀hún mí nínú omi, àmọ́ àìsàn ọkàn àti oògùn olóró àmujù náà lè fà á. Ẹ fi àpò bébà bo ọwọ́ méjèèjì, kì í ṣe ọ̀rá. Bó bá di koríko omi mú pinpin, ó ṣeé ṣe kó wọ omi láàyè. Àtẹ́lẹwọ́ tó hunjọ kò sọ nǹkan kan ju pé ó pẹ́ lómi: tòkú náà ń hunjọ.

Ọgbẹ́ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Òkú inú omi máa ń dojú bolẹ̀, ìsàlẹ̀ omi á sì ha á níwájú orí, lẹ́yìn ọwọ́, lórúnkún àti ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Akàn àti ẹja á jẹ ètè, etí àti ìpéǹpéjú. Ojú ọgbẹ́ tó tò tẹ̀léra lọ́gbọọgba, abẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló sábà máa ń ṣe é. Ojú ìka ní ọrùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ apá méjèèjì, ló yẹ kó kọ yín lóminú. Omi ń fọ ẹ̀jẹ̀ dànù, nítorí náà ọgbẹ́ tó funfun lè jẹ́ ti ìgbà ayé rẹ̀.

Fún àyẹ̀wò diatom, ìyẹn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi, ẹ bu omi lítà kan níbi tí wọ́n ti rí i. Mùdùnmúdùn egungun itan ṣe pàtàkì ju ẹ̀dọ̀fóró lọ: omi lè wọ ẹ̀dọ̀fóró òkú, ṣùgbọ́n ọkàn tó ṣì ń lù ló sábà máa ń gbé diatom dé inú egungun. Irinṣẹ́ tí a kò fọ̀ mọ́ lè ba èsì yìí jẹ́.

Ní bèbè, ẹ wá bàtà, fóònù, ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Ẹ bi àwọn ará ilé: ṣé ó mọ odò ó wẹ̀? Ṣé ó ní wárápá? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ fún kọ́rónà, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ohun tó fa ikú, pé kò tíì hàn. Ìyẹn ṣeé tún kọ bí ẹlẹ́rìí bá yọjú. “Ìjàǹbá” tí a fi ìkánjú kọ ló ń mú kí wọ́n ti fáìlì pa.