Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Páàdì Bíréèkì, àti Bọ́ọ̀tì Tí Mi Ò Dá Padà

Ọ̀pọ̀ páàdì ló ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi síbẹ̀ kó lè máa ha dísìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí, bí páàdì bá ti ń tán lọ. Òun ló ń ké létí mi láti ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Nígbà tí mo yọ táyà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ju ariwo lọ. Páàdì ti inú ti jẹ dé nǹkan bíi mílímítà 2, bẹ́ẹ̀ ti ìta ṣì ní tó 5. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12, bó bá sì ti ku 3, àtipààrọ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n bí ti inú bá jẹ ṣáájú ti ìta báyìí, ẹ yẹ píìnì tí kálípà, ìyẹn ohun tó ń fi páàdì fún dísìkì, ń yọ̀ lé lórí wò dáadáa. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti ń há.

Gbígbé ọkọ̀ sókè kò gba àlàyé púpọ̀: ilẹ̀ tó tẹ́jú, nǹkan tó dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí táyà tó kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ ró. Èmi kì í fi ẹ̀mí mi lé jáàkì nìkan lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀tì oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Méjì kéékèèké ló so kálípà mọ́ píìnì rẹ̀, méjì ńlá ló sì so férémù kálípà mọ́ irin tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ró. Bó bá jẹ́ páàdì nìkan la fẹ́ pààrọ̀, a lè má fọwọ́ kan àwọn ńlá yẹn rárá. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí píìnì ti há, ìpẹtà sì ti kó sábẹ́ àwọn kílíìpù tí páàdì ń jókòó sí. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi wáyà so kálípà rọ̀ sára sípíríìngì kó má baà fi họ́ọ̀sì bíréèkì rọ̀. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè wá dé: ṣé kí n dá àwọn bọ́ọ̀tì yìí padà ni, àbí kí n ra tuntun?

Ohun tó ń mú bọ́ọ̀tì di nǹkan mú ni pé bí a bá ń dè é, ó máa ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, ó sì ń wá bó ṣe máa sún kì. Fífà yẹn ló ń fún irin méjèèjì pọ̀. Bí kò bá tíì nà kọjá ààlà rẹ̀, tí a bá tú u, á padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ àwọn bọ́ọ̀tì kan wà tí wọ́n ṣe pé kí wọ́n nà kọjá ibẹ̀. Ẹ máa mọ̀ wọ́n nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀: yóò ní kí ẹ dè é dé ìwọ̀n kan, kí ẹ tún wá yí i ní ìdá kan òbìrí, bíi 90°, lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nirú èyí ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn sì ní gílúù gbígbẹ lára eyín wọn láti ilé iṣẹ́, tó ń fọ́ bí a bá tú wọn.

Ìwé ọkọ̀ mi sọ pé 30 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bọ́ọ̀tì) ni kí n de àwọn kéékèèké, kò sì ní kí n pààrọ̀ wọn. Ti àwọn ńlá, 110 Nm, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí wọ́n bá ti tú, tuntun ni kí a fi síbẹ̀. Mo gbé ọ̀kan lára wọn sí ìmọ́lẹ̀. Gílúù aláwọ̀ búlúù ṣì kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú eyín rẹ̀, mo sì fi èékánná họ ọ́, ó já sílẹ̀. Ní ibi tí ó ti yẹ kó wà jù, irin lásán ni.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń dá irú rẹ̀ padà, wọ́n ń fi gílúù olómi sí i, ọkọ̀ wọn sì ń rìn. Bí ìwé ọkọ̀ bá fọwọ́ sí i, ó dáa. Ṣùgbọ́n gílúù kò lè mú bọ́ọ̀tì tó ti nà sún kì, férémù tó bá sì tú lórí ìrìn lè há mọ́ inú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Tuntun ni mo rà. Mo sì wo nọ́ńbà agbára tó wà lórí wọn kí n tó gbà wọ́n: 10.9, bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. 8.8 lè jọ ọ́ ní gígùn àti ní eyín, agbára rẹ̀ ò tó ti 10.9.

Àwọn kéékèèké ni mo dá padà, lẹ́yìn tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín wọn. Kò sí ihò ìpẹtà lára wọn, àárín wọn kò tín, igun orí wọn kò tíì rà, ìka lásán ni mo sì fi yí wọn wọlé títí dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá há mọ́ ìka lọ́wọ́, ẹ jù ú nù. Ẹ má sì fi ti ọkọ̀ mi ṣe òfin o, torí ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Volkswagen, àwọn bọ́ọ̀tì kéékèèké gan-an ni wọ́n ní kí a máa pààrọ̀.

Mo nu ihò àwọn bọ́ọ̀tì ńlá mọ́, nítorí gílúù tó kù níbẹ̀ máa ń tan sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn bí a ṣe de bọ́ọ̀tì tó, jẹ. Gírísì sílíkóònù ni mo fi pa píìnì. Gírísì lásán máa ń mú rọ́bà rẹ̀ wú. Mo rọra ti písítìnnì, èyí tó ń ti páàdì láti inú kálípà, padà, ojú mi wà lára ike omi bíréèkì kó má baà kún dànù. Mo ṣe ẹsẹ̀ kejì bákan náà, nítorí ọ̀tún àti òsì la ń pààrọ̀ pọ̀.

Kí ọkọ̀ tó yí, mo tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le. Lójú ọ̀nà tó dá, mo sáré dé nǹkan bíi 50 km/h, mo rọra tẹ ẹ́ láì dúró pátápátá, mo jẹ́ kó tutù, mo tún un ṣe, kí páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn. Lẹ́yìn bíi 80 km, mo tún fi tọ́ọ̀kì dán nọ́ọ̀tì táyà wò. Kò sí èyí tó yí.